Ọkọ̀ Àtijọ́: Ṣé Kí A Yí I Padà Ni, Tàbí Kí A Pa Á Mọ́?

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Òwe yìí ni ó yẹ kí ẹni tí ó bá ní ọkọ̀ àtijọ́ nílé fi bẹ̀rẹ̀ ìrònú rẹ̀ kí ó tó ránṣẹ́ pe mẹkáníìkì. Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí ó ti bàjẹ́ tán, tí koríko ti hù bò ní ẹ̀yìnkùlé. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí a tọ́jú dáadáa ni: ọkọ̀ tí ó ti lé ní ọgbọ̀n tàbí àádọ́ta ọdún, tí bọ́dì rẹ̀ ṣì le, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì ń dún, tí ìwé rẹ̀ sì wà nínú àpótí. Ṣé kí a yí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ padà kí ó lè bá ayé òde òní mu ni, tàbí kí a pa á mọ́ gẹ́gẹ́ bí ó ṣe wà?

Àwọn kan lè rò pé eré ọlọ́rọ̀ ni èyí, pé kò kan olùkọ́ tàbí akẹ́kọ̀ọ́. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìbéèrè ìtàn ni, ó sì le ju bí a ti rò lọ. Ẹni tí ó bá ń yí ọkọ̀ àtijọ́ padà ń yí ẹ̀rí padà. Ẹni tí ó bá sì ń pa á mọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí òun ń pa mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi Alápòtì ṣe àpẹẹrẹ. Ìlú yìí wà ní agbègbè ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, kò sì jìnnà sí Ọ̀tà àti Sàngó, níbi tí ilé iṣẹ́ ńláńlá pọ̀ sí. Ká sọ pé ọkùnrin kan níbẹ̀ jogún Volkswagen kékeré tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Ìjàpá, èyí tí bàbá rẹ̀ rà ní ọdún 1969. Mẹkáníìkì yẹ ọkọ̀ náà wò, ó ní, ‘Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí a yọ ẹ́ńjìnnì yìí dànù. Ẹ́ńjìnnì Japan tòkunbọ̀ ni kí ẹ rà. A ó fi ẹ̀rọ amúlétutù sí i, a ó sì kùn ún ní ọ̀dà tuntun. Ẹ ó rí i pé ọkọ̀ ti dé.’ Ṣùgbọ́n àbúrò bàbá tí ó wà nítòsí mi orí, ó ní, ‘Ìwọ ọmọ yìí, bí o bá ṣe gbogbo èyí tán, èwo ló kù tí ó jẹ́ ti bàbá rẹ nínú rẹ̀?’

Àpẹẹrẹ lásán ni àwọn ènìyàn yìí, ṣùgbọ́n àríyànjiyàn wọn kì í ṣe àlá. Kí a tó dá ẹjọ́ wọn, ó yẹ kí a mọ ìtàn tí ó wà lára irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ tí sítíárì ṣí nípò

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń ṣàkóso Nàìjíríà, apá òsì títì ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì ń wa ọkọ̀. Nítorí náà apá òsì ni a ń gbà níbí pẹ̀lú, sítíárì ọkọ̀ wa sì wà lápá ọ̀tún. Ṣùgbọ́n gbogbo orílẹ̀-èdè tí ó bá Nàìjíríà pààlà lórí ilẹ̀, apá ọ̀tún ni wọ́n ń gbà. Kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti hàn kedere fún ará Ọ̀tà tó ojú ọ̀nà tí ó lọ sí Ìdí-Ìrókò. Ẹni tí ó bá wa ọkọ̀ láti Ọ̀tà dé ẹnubodè, tí ó sì fẹ́ wọ Dahomey, èyí tí ó di Orílẹ̀-èdè Benin ní ọdún 1975, gbọ́dọ̀ kúrò lápá òsì bọ́ sí apá ọ̀tún ní kété tí ó bá kọjá. Èdè Yorùbá kan náà ni a ń sọ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ẹbí kan náà ni wọ́n, ṣùgbọ́n òfin ojú títì wọn yàtọ̀ síra.

Ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 1972, ní àkókò ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon, Nàìjíríà kúrò lápá òsì títì, ó bọ́ sí apá ọ̀tún. Ọjọ́ Ìsinmi Àjíǹde ni. Sierra Leone ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1971. Ghana sì ṣe tirẹ̀ ní ọdún 1974. Sweden nílẹ̀ Yúróòpù ti ṣáájú wọn ní ọdún 1967. Òfin lè yí padà ní òru ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n irin kò lè yí padà bẹ́ẹ̀. Àwọn ọkọ̀ tí ó ti wà nílẹ̀ ní sítíárì lápá ọ̀tún. Bí awakọ̀ bá jókòó lápá ọ̀tún nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ ń gba apá ọ̀tún títì, kò ní tètè rí ọkọ̀ tí ń bọ̀ níwájú bí ó bá fẹ́ ya ọkọ̀ mìíràn sílẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ onímọ́tò fi gbé ọkọ̀ wọn lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kí wọ́n lè gbé sítíárì lọ sí òsì.

Ẹ jẹ́ kí a ro ohun tí iṣẹ́ yìí jẹ́. Kì í ṣe sítíárì nìkan ni ó ń ṣí nípò. Ẹsẹ̀ bíréèkì, ti kílọ́ọ̀ṣì àti àwọn ọ̀pá tí ó so mọ́ wọn gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Iwájú awakọ̀, níbi tí aago ìwọ̀n eré wà, gbọ́dọ̀ yí padà. Níbi tí sítíárì ti wà tẹ́lẹ̀, àpá a máa kù níbẹ̀: ihò tí a dí, irin tí a lẹ̀, ọ̀dà tí àwọ̀ rẹ̀ kò bá ti àtijọ́ dọ́gba. Ojú ẹlòmíràn yóò rí àpá yìí bí àbùkù. Ojú òpìtàn yóò rí i bí òǹtẹ̀ ìjọba. Ọkọ̀ tí ó ní irú àpá bẹ́ẹ̀ ń sọ pé òun ti wà ṣáájú ọdún 1972, òun sì la ìyípadà náà kọjá. Àwọn ọkọ̀ tí ilé iṣẹ́ Volkswagen tò ní ojú ọ̀nà Àgbádárìgì ní Èkó láti ọdún 1975, tàbí èyí tí ilé iṣẹ́ Peugeot tò ní Kàdúná láti ọdún yẹn kan náà, kò lè ní àpá náà, nítorí òsì ni sítíárì tiwọn wà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Èyí mú ìbéèrè kan wá. Bí ọmọ Alápòtì yìí bá fẹ́ pa ọkọ̀ bàbá rẹ̀ mọ́, èwo ni yóò pa mọ́? Ṣé kí ó dá sítíárì padà sápá ọ̀tún, bí ó ṣe rí nígbà tí ọkọ̀ náà gúnlẹ̀ ní èbúté? Tàbí kí ó fi í sílẹ̀ lápá òsì, bí mẹkáníìkì ọdún 1972 ṣe fi í sílẹ̀? Ọ̀rọ̀ ìpamọ́ kò rọrùn bí ó ti dùn létí.

Ọwọ́ tiwa nínú irin tiwọn

Bọ́lẹ̀kájà tún jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yé wa sí i. Láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ́ńjìnnì àti ṣéésì rẹ̀ ti wá, Bedford tàbí Austin. Ṣùgbọ́n pákó tí ó yí i ká, àga gbọọrọ tí èrò ń jókòó lé tí wọ́n ń kojú síra, òrùlé rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ tàbí àdúrà tí a kọ sí iwájú rẹ̀, kápẹ́ńtà àti akunlé ilẹ̀ wa ni ó ṣe wọ́n. Orúkọ rẹ̀ pàápàá, tiwa ni: bọ́ sílẹ̀ kí á jà. Bí ẹnì kan bá rí bọ́lẹ̀kájà lónìí, tí ó sì sọ pé òun fẹ́ dá a padà sí bí ó ṣe kúrò ní ilé iṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí yóò bá lọ́wọ́ ni ṣéésì lásán. Gbogbo ohun tí ó sọ ọ́ di bọ́lẹ̀kájà ni yóò ti tú dànù. Bẹ́ẹ̀ náà ni mólúè Èkó rí, èyí tí a sábà máa ń kan bọ́dì rẹ̀ lé ṣéésì ọkọ̀ akẹ́rù Mercedes-Benz 911.

A rí i nígbà náà pé kì í ṣe gbogbo àyípadà ni ó ń ba ìtàn jẹ́. Àyípadà kan wà tí òun gan-an jẹ́ ìtàn. Àwọn tí ó bá ń fi ojú ìwé ilé iṣẹ́ òkèèrè nìkan wo ọkọ̀ àtijọ́ ń gbàgbé pé ilé iṣẹ́ ni ó bí ọkọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ tiwa ni ó ti dàgbà.

Ẹ̀rí tí ó wà ní Oníkàn

Àwọn tí ó fẹ́ ìpamọ́ ní àpẹẹrẹ kan tí ó lágbára. Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kejì ọdún 1976, àwọn ọlọ̀tẹ̀ yìnbọn pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed, olórí orílẹ̀-èdè, nínú ọkọ̀ rẹ̀ ní Èkó. Mercedes-Benz dúdú ni ọkọ̀ náà. Wọ́n gbé e lọ sí ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti ìjọba àpapọ̀ ní Oníkàn, pẹ̀lú ihò ìbọn lára rẹ̀. Páńẹ́lì bítà tí ó mọṣẹ́ ì bá ti dí gbogbo ihò náà. Ọ̀dà tuntun ì bá ti bo ojú wọn. Gíláàsì tuntun ì bá ti rọ́pò èyí tí ó fọ́. Ọkọ̀ náà ì bá dára lójú, ṣùgbọ́n kò ní ní ohun kan láti sọ mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá dúró níwájú rẹ̀ kò nílò àlàyé gígùn.

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọkọ̀ tuntun lè dán ju ọkọ̀ àtijọ́ lọ, ṣùgbọ́n kò lè ní àpá tí ọkọ̀ àtijọ́ ní.

Èyí kan ọkọ̀ tí kò gbé olórí orílẹ̀-èdè rí pẹ̀lú. Nọ́ńbà ṣéésì Volkswagen Ìjàpá wà lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Láti orí ọkọ̀ ti ọdún 1965 ni nọ́ńbà kẹta nínú rẹ̀ ti ń sọ ọdún tí ọkọ̀ náà jẹ́ tirẹ̀: bí nọ́ńbà náà bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 119, ọkọ̀ ti ọdún 1969 ni. Ẹ́ńjìnnì náà ní nọ́ńbà tirẹ̀. Bí nọ́ńbà méjèèjì àti ìwé tí ó wà nínú àpótí bá bára mu, ẹ̀rí mẹ́ta ni ó pé jọ. Ẹni tí ó bá ta ẹ́ńjìnnì fún àwọn tí ń ra àjákù irin ti lé ẹlẹ́rìí kan kúrò ní kóòtù, kò sì ní rí i pè padà láéláé, nítorí iná ni a fi ń yọ́ irin bẹ́ẹ̀.

Ohun tí àwọn tí ó fẹ́ àyípadà ń sọ

Síbẹ̀, a kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ rọ́ àwọn tí ó fẹ́ àyípadà sẹ́yìn. Wọ́n ní ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i, àwíjàre wọn kì í sì í ṣe ti ẹwà nìkan.

Èkíní ni ẹ̀mí ènìyàn. Ní ọdún 1959 ni Nils Bohlin, ọmọ Sweden, ṣe bẹ́líìtì ìjókòó tí ó gba èjìká àti ìbàdí kọjá fún ilé iṣẹ́ Volvo. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ tí ó dé ilẹ̀ wa kò ní i. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì ń lo ọ̀nà omi bíréèkì kan ṣoṣo. Bí omi bá jò níbì kan, bíréèkì gbogbo ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti lọ nìyẹn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká, alága àkọ́kọ́ fún Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1988, kò gba iṣẹ́ náà nítorí ọ̀ṣọ́. Ikú ojú títì ni ó mú un wọ̀ ọ́. Kò sí ìtàn tí ó níye lórí tó ẹ̀mí ọmọ tí ó jókòó sẹ́yìn ọkọ̀.

Èkejì ni epo. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, a máa ń da òjé sínú bẹntiróòlù. Òjé yìí a máa dáàbò bo ibi tí fáàfù ń jókòó sí nínú àwọn ẹ́ńjìnnì kan tí irin wọn rọ̀. Ṣùgbọ́n májèlé ni òjé jẹ́, ó ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, gbogbo orílẹ̀-èdè ilẹ̀ Áfíríkà tí ó wà ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà sì ti fi í sílẹ̀ nígbà tí ọdún 2006 fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ fi irin líle sí ìjókòó fáàfù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ́ńjìnnì tí ó ní òun ń pa mọ́ yóò jẹ ara rẹ̀ run.

Ẹ̀kẹta ni owó. Láti ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, owó bẹntiróòlù ti fò sókè. Ẹni tí ó ń fi ọkọ̀ jẹun kò lè máa bọ́ ẹ́ńjìnnì tí ń mu epo bí ẹni mu omi nítorí pé ó ní ìtàn. Ọ̀rọ̀ gidi nìyí. Kò yẹ kí ẹni tí ebi kò pa máa wàásù fún ẹni tí ebi ń pa.

Aṣọ egúngún

Kí ni ọ̀nà àbáyọ? Àwọn tí ń tọ́jú ọkọ̀ àtijọ́ káàkiri àgbáyé ní ẹgbẹ́ kan tí a ń pè ní FIVA, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1966. Lójú wọn, ọkọ̀ àtijọ́ ni èyí tí ó ti tó ọgbọ̀n ọdún ó kéré tán, tí a tọ́jú bí ìtàn ṣe fẹ́, tí a kì í sì í gùn lójoojúmọ́. Ní ọdún 2012 wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan tí a fi orúkọ ìlú Turin ní Ítálì pè. Ìwé náà kò ní kí a má fọwọ́ kan ọkọ̀ rárá. Ó ní kí a bọ̀wọ̀ fún àyípadà tí ó ti di ara ìtàn ọkọ̀. Kí àtúnṣe tuntun jẹ́ èyí tí a lè tú padà lọ́jọ́ iwájú. Kí a tọ́jú ohun pàtàkì tí a bá yọ, kí a sì kọ iṣẹ́ tí a ṣe sílẹ̀.

Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí a tó dé Turin, Yorùbá ti mọ ọgbọ́n yìí. Ẹ wo ẹ̀kú egúngún. Bí ọdún bá ti ń yí, àwọn ọmọ ilé a máa fi aṣọ tuntun kún un. Èyí tí ó gbó kì í di ohun ìdànù. Abẹ́ ni ó ń lọ. Ẹni tí ó bá ṣí i wò yóò rí aṣọ bàbá lábẹ́ aṣọ ọmọ, yóò sì rí ti bàbá-ńlá lábẹ́ ti bàbá. Egúngún náà ń jó lọ́dọọdún, ó ń lo aṣọ tuntun, síbẹ̀ kò gbàgbé ẹnìkan. Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí àjọ UNESCO fi sínú àwọn ìṣúra àgbáyé ní ọdún 2001, kò yàtọ̀: a máa ń tún ère orí rẹ̀ kùn, ṣùgbọ́n ère náà wà níbẹ̀.

Nítorí náà, ọ̀nà mẹ́ta ni ó yẹ kí a pín iṣẹ́ ara ọkọ̀ sí. Àkọ́kọ́ ni àtúnṣe: kí a pààrọ̀ ohun tí ó gbó, bí bíréèkì, táyà, wáyà àti rọ́bà. Èyí kò ní àríyànjiyàn nínú, nítorí ọkọ̀ tí kò lè rìn yóò dógùn-ún níbi tí ó dúró sí. Èkejì ni àfikún: bẹ́líìtì ìjókòó, iná tí ó mọ́lẹ̀ dáadáa, irin líle ní ìjókòó fáàfù. Aṣọ tuntun lórí ẹ̀kú ni èyí. Ẹ̀kẹta ni ìparẹ́: kí a gé bọ́dì, kí a ta ẹ́ńjìnnì dànù, kí a fá ọ̀dà tí ó wà lára ọkọ̀ láti ọjọ́ tí a ti rà á nígbà tí ó ṣì ń dán. Èyí kì í ṣe fífi aṣọ kún ẹ̀kú. Sísun ẹ̀kú ni.

Ẹjọ́ Alápòtì

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ ọmọ tí ó jogún Ìjàpá. Bí ó bá bèèrè ìmọ̀ràn, ohun tí ìtàn yóò sọ fún un nìyí. Kí ó fi bẹ́líìtì sí gbogbo ìjókòó, kí ó sì tún bíréèkì ṣe kí ó tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Kí ó jẹ́ kí sítíárì wà lápá òsì níbi tí mẹkáníìkì ọdún 1972 gbé e sí, kí ó má sì dí àpá tí ó kù lápá ọ̀tún, nítorí pé àpá yẹn ni ojú ìwé tí ó ṣọ̀wọ́n jù nínú ìtàn ọkọ̀ náà. Kí ó ra ìwé kan, kí ó kọ ọjọ́ àti iṣẹ́ gbogbo tí ó bá ṣe sí i. Kí ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì wà. Volkswagen ṣe Ìjàpá tí ó lé ní mílíọ̀nù 21 kí èyí tí ó kẹ́yìn tó jáde ní Mexico ní ọdún 2003, nítorí náà ohun èlò rẹ̀ kò tíì di ohun àwátì.

Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ọkọ̀ kan ṣoṣo tí ó ní nìyí ńkọ́, tí ó sì gbọ́dọ̀ fi í lọ síbi iṣẹ́ ní Sàngó láràárọ̀, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Abẹ́òkúta? Níbẹ̀ ni ìdánwò gidi wà. Ìtàn kò lè ní kí ó máa fi ẹsẹ̀ rìn. Bí ó bá di pé ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ yí padà, ó sàn kí ó ta odidi ọkọ̀ náà fún ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀, kí ó sì fi owó rẹ̀ ra èyí tí yóò sìn ín. Bí kò bá rí olùrà, tí ó sì di dandan kí ó yọ ẹ́ńjìnnì, kí ó fi ọ̀rá pa á, kí ó fi tapólì wé e, kí ó gbé e sí igun ilé. Ẹ́ńjìnnì tí ó wà nígun ilé lè padà sí àyè rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ-ọmọ. Èyí tí ó ti wọ iná kò ní padà.

Èyí kò túmọ̀ sí pé mẹkáníìkì tí ó fẹ́ àyípadà ṣẹ̀. Ìran àwọn mẹkáníìkì ọdún 1972 ni òun náà, ọgbọ́n tí ó sì gbé sítíárì láti ọ̀tún lọ sí òsì ni ó ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé, ní ọdún 1972, òfin ìlú ni ó béèrè àyípadà náà, gbogbo orílẹ̀-èdè ni ó sì jọ gbé e. Lónìí, bí a bá gé ọkọ̀ àtijọ́ nítorí pé ojú ń kán wa, kò sí ìtàn kankan tí àpá náà yóò sọ, àfi ìtàn pé ojú ń kán wa.

Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ. Ẹ̀yin olùkọ́, bí ọkọ̀ àtijọ́ bá wà ládùúgbò yín, ẹ kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ síbẹ̀ kí àjákù irin tó gbà á. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ka nọ́ńbà abẹ́ ìjókòó, kí wọ́n wá àpá sítíárì, kí wọ́n bi àgbà tí ó ni ín léèrè ibi tí ó wà ní ọjọ́ Àjíǹde ọdún 1972. Ọ̀pọ̀ àwọn àgbà yìí ti lọ, àwọn tí ó kù kò sì ní wà títí. Bí ọkọ̀ bá wà, tí àgbà kò sí, ìdajì ìtàn ni ó kù. Bí àwọn méjèèjì bá lọ, a kò ní mọ̀ pé ohun kan ti wà níbẹ̀ rí.